Ìgbéyàwó Gẹ̀ẹ́sì fún ìyàwó tó ń ti Ìbàdàn bọ̀: ibi tí òfin yóò ti so yín pọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀wọ́, Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni àfẹ́sọ́nà mi. Bristol ló ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ abúlé kan ní Somerset ni wọ́n bí i sí, ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣe ìrìbọmi fún un. Ìyá rẹ̀ fẹ́ kí a ṣègbéyàwó níbẹ̀ ní Sátidé 22 oṣù kẹjọ ọdún tó ń bọ̀, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe é látijọ́: agogo ṣọ́ọ̀ṣì, orin ìyìn, kéèkì alájà mẹ́ta. Àwọn òbí tèmi ti mú oṣù kejì fún ìdána. Bristol la ó máa gbé. Àlùfáà abúlé náà ní báànsì, ìyẹn ìkéde orúkọ wa nínú ìsìn, kò ṣeé kà fún wa. Kí ló fà á? Físà wo ni kí n gbà? Kí ló sì yẹ kí a mọ̀ nípa ọjọ́ náà fúnra rẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oríire, ẹ kú ìmúra. Àlùfáà yẹn kò kọ̀ yín, òfin ló dì í lọ́wọ́. Láti oṣù kẹta ọdún 2015 ni òfin ìwọ̀lú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòpin sí kíka báànsì fún ọmọ Nàìjíríà àti irú wa tó wá láti òkèèrè. Láti ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2021, wọ́n fi ọ̀pọ̀ àwọn ará Yúróòpù náà kún un. Ẹnì kan péré nínú ẹ̀yin méjèèjì tó bá jẹ́ àjèjì ti tó. Dípò kí wọ́n pe orúkọ yín nínú ìsìn ní Sọ́ńdè mẹ́ta, ọ́fíìsì rẹ́jísítírà ni ẹ ó lọ kéde ara yín, àwọn ni yóò sì fún yín ní ìwé tí àlùfáà yóò fi so yín pọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ṣì ṣeé lò, ọ̀nà tí a ń gbà dé ibẹ̀ ló yí padà.

Ṣùgbọ́n ohun tó lè da ètò yín rú jù lọ ni ẹ mẹ́nu bà bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan: ìdána oṣù kejì.

Lójú tiwa, ìdána ni ayẹyẹ àkọ́kọ́, ti ṣọ́ọ̀ṣì ni “ìgbéyàwó gan-an”. Òfin kò rí i bẹ́ẹ̀. Bí ìdílé méjèèjì bá fohùn ṣọ̀kan, tí wọ́n san owó orí, tí wọ́n sì fa ìyàwó lé ìdílé ọkọ lọ́wọ́, ìgbéyàwó ìbílẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Òfin Nàìjíríà mọ̀ ọ́n, òfin Gẹ̀ẹ́sì sì máa ń ka ìgbéyàwó tó bá tọ̀nà ní ibi tí wọ́n ti ṣe é sí ìgbéyàwó. Nítorí náà, bí ẹ bá ṣe ìdána tán ní oṣù kejì, tí ẹ wá kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù ní oṣù kẹrin pé ẹ kò tíì lọ́kọ, ẹ ti ń sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Fótò yín pẹ̀lú alága ìjókòó àti alága ìdúró á ti wà lórí Instagram. Físà tí wọ́n bá kọ̀ nítorí irọ́ lè mú kí wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ yín fún ọdún 10, ìkéde èké níwájú rẹ́jísítírà sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin wọn.

Ohun tí ẹ ní láti pinnu kí ẹ tó ra léèsì kankan ni ibi tí òfin yóò ti so yín pọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òfin ń so ènìyàn pọ̀. Ẹ lè ṣe ayẹyẹ mẹ́ta, ṣùgbọ́n ọ̀kan péré nínú wọn ni ìgbéyàwó, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ èyí tó jẹ́.

Ọ̀nà tí èmi yóò mú bí mo bá wà ní ipò yín ni kí ẹ parí ti òfin nílé. Ẹ ṣe ìdána yín ní oṣù kejì bí àwọn òbí ṣe fẹ́, kí ẹ̀yin méjèèjì kan náà sì lọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní rẹ́jísírì ní Ìbàdàn. Ẹ ó fi ìwé ìkéde sílẹ̀ níbẹ̀ fún ọjọ́ 21, ẹ ó sì ṣègbéyàwó kí oṣù mẹ́ta tó pé láti ọjọ́ ìkéde náà. Ìwé-ẹ̀rí rẹ́jísírì yìí ni ẹ ó fi gba físà ìyàwó. Ó rọrùn fún òṣìṣẹ́ físà láti gbà ju ìwé ìbúra nípa ìdána lọ. Nígbà tó bá di oṣù kẹjọ, àlùfáà Somerset yóò ṣe ìsìn àdúrà àti ìyàsímímọ́ lẹ́yìn ìgbéyàwó fún yín. Ìjọ Áńgílíkà ní ìlànà ìsìn tí wọ́n dìídì kọ fún èyí. Kò gba ìkéde, kò gba rẹ́jísítírà, kò sì sí ọjọ́ kankan tí ẹ ní láti kà. Aṣọ funfun wà níbẹ̀, orin ìyìn wà níbẹ̀, agogo yóò dún, kéèkì yóò sì dúró lórí tábìlì. Ohun tí kò ní sí ni gbólóhùn tí òfin fi ń so tọkọtaya, nítorí pé ó ti so yín tẹ́lẹ̀. Bí físà ìyàwó bá sì pẹ́, físà àlejò lásán lè gbé yín lọ sí ìsìn náà, nítorí kì í ṣe ìgbéyàwó, bí ẹ bá lè fi hàn pé ẹ ó padà sílé lẹ́yìn rẹ̀. Ìyá ọkọ yín ni kí ẹ tètè bá sọ̀rọ̀. Àwọn ìyá Gẹ̀ẹ́sì kan máa ń rò pé wọ́n fún àwọn ní àṣẹ́kù ayẹyẹ. Kí ọmọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣàlàyé fún un, kì í ṣe ẹ̀yin.

Bí ẹ bá ta kú pé Somerset ni òfin yóò ti so yín, ẹ sọ ti oṣù kejì di mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lásán. Kò sí owó orí, kò sí fífa ìyàwó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Kí ìdána wá tẹ̀ lé e lẹ́yìn oṣù kẹjọ. Físà méjì ló wà fún èyí. Marriage Visitor, ìyẹn físà àlejò tó wá ṣègbéyàwó, jẹ́ ti oṣù mẹ́fà: ẹ ó wọlé, ẹ ó ṣègbéyàwó, ẹ ó sì jáde, nítorí kò ṣeé yí padà sí físà ìyàwó láti inú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ó padà sí Nàìjíríà wá bẹ̀rẹ̀ ti físà ìyàwó. Físà àfẹ́sọ́nà náà jẹ́ oṣù mẹ́fà, ẹ kò sì ní lè ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ṣègbéyàwó, ẹ ó lè béèrè fún físà ìyàwó láìkúrò ní Bristol. Ẹrù tirẹ̀ wúwo ju ti àlejò lọ. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, àfẹ́sọ́nà yín gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ń gba £29,000 lọ́dún ó kéré tán. Bí kò bá sí owó oṣù rárá, àfi kí £88,500 ti wà ní báǹkì fún oṣù mẹ́fà. Ẹ ó ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ, ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ kì í sì í kọjá oṣù mẹ́fà. Ẹ ó ṣe ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì ìpele A1, ìyẹn ti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí kí Ecctis, àjọ tó ń yẹ ìwé-ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè wò, jẹ́rìí sí ìwé-ẹ̀rí yunifásítì yín pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ yín. Owó físà yìí tó ti ìyàwó, ẹ ó sì tún san òmíràn lẹ́yìn ìgbéyàwó, pẹ̀lú owó ìlera £1,035 fún ọdún kọ̀ọ̀kan, ìyẹn £2,587.50 fún oṣù 30. Wọ́n máa ń yí owó wọ̀nyí padà, nítorí náà orí gov.uk ni kí ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ sanwó, ẹ má gba ti àjẹ́ńtì gbọ́.

Ẹ má ṣe fi físà àlejò lásán wọlé lọ ṣègbéyàwó tàbí lọ kéde ìgbéyàwó. Kò gbà á láyè. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń kó sí, nítorí pé físà náà ti wà lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀.

Ó wá ku ọjọ́ kíkà. Kí ẹ tó lè kéde, ẹ̀yin méjèèjì gbọ́dọ̀ ti lo ọjọ́ méje gbáko ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí Wales. Wọn kì í ka ọjọ́ tí ẹ bá dé mọ́ ọn. Lẹ́yìn ìkéde, ọjọ́ 28 gbáko gbọ́dọ̀ kọjá, wọn kò sì ní ka ọjọ́ ìkéde pàápàá. Ẹ jẹ́ kí a fi ti yín ṣe é: bí ẹ bá dé ní Mọ́ńdè 22 oṣù kẹfà, ọjọ́ méje yín bẹ̀rẹ̀ ní 23, ó parí ní 29. Ní 30 oṣù kẹfà ẹ lè kéde. Ọjọ́ 28 lọ láti 1 títí dé 28 oṣù keje, ìwé yín á sì jáde láti 29. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó lé díẹ̀ ló ṣẹ́kù kí ó tó di 22 oṣù kẹjọ.

Ó dára bẹ́ẹ̀, àfi bí Home Office, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìwọ̀lú, bá sọ ọjọ́ 28 di 70. Wọ́n ní agbára láti ṣe bẹ́ẹ̀ bí ohun kan bá kọ wọ́n lóminú. Ẹni tó ní físà ìgbéyàwó tó tọ́ kì í sábà bọ́ sí i, ẹni tó ní irú físà mìíràn ló ń rí i jù. Bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí yín nínú ìṣirò òkè yìí, 9 oṣù kẹsàn-án ni ìwé á tó jáde, ìyàwó kò ní sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ẹnu iṣẹ́ bá gbà yín láyè, ẹ dé ní 25 oṣù karùn-ún. Ẹ ó kéde ní 2 oṣù kẹfà, kódà bí ó bá di ọjọ́ 70, ìwé á jáde ní 12 oṣù kẹjọ. Físà oṣù mẹ́fà gba gbogbo èyí láìfún mọ́ra. Oṣù mẹ́ta ṣáájú ìrìn-àjò ni ẹ lè kọ́kọ́ béèrè fún Marriage Visitor, ìdáhùn sì sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nítorí náà, ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ṣeé yí padà.

Kí ọkọ gba àyè ìkéde lọ́dọ̀ rẹ́jísítírà láti ìgbà tí ẹ ti mọ ọjọ́ tí ẹ ó dé, nítorí pé ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àyè lè má sí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ̀yin méjèèjì ni yóò jọ lọ, sí ọ́fíìsì tó ń gba ti àwọn àjèjì ní àgbègbè tí ọ̀kan nínú yín ń gbé. Wọn ó pè yín wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan láti bi yín ní ọjọ́ ìbí, iṣẹ́ àti àdírẹ́sì ara yín. Ẹ mú páṣípọ́ọ̀tù, físà, fótò pélébé, ìwé tó fi ibi tí ẹ ń gbé hàn (lẹ́tà onílé yóò ṣe fún ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé), àti ìwé ìkọ̀sílẹ̀ tàbí ikú ọkọ bí ẹnì kan bá ti ṣègbéyàwó rí. Ohun tó máa ń ṣàkóbá fún wa jù ni orúkọ. Bí páṣípọ́ọ̀tù bá ní “Olúwaṣeun”, tí ìwé ìkọ̀sílẹ̀ ní “Ṣeun”, wọn ó rán yín padà. Ẹ tún un ṣe nílé.

Ní ti ṣọ́ọ̀ṣì, ìrìbọmi tí wọ́n ṣe fún ọkọ níbẹ̀ fún un ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin ìjọ ọdún 2008. Kò dìgbà tó bá ń gbé ibẹ̀. Ìbá tún tó bí òbí rẹ̀ bá ti ṣègbéyàwó níbẹ̀. Kí ó wá ìwé ìrìbọmi náà jáde. Owó tí ìjọ fi lélẹ̀ lé ní £500, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ amúlégbóná, atẹdùùrù àti àwọn alágogo kò sí nínú rẹ̀. Ẹ béèrè iye ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá gba onífídíò, atẹdùùrù sábà máa ń béèrè owó kún owó. Ẹnì kan ló ń fa okùn agogo kan, nítorí náà ṣọ́ọ̀ṣì alágogo mẹ́fà nílò ènìyàn mẹ́fà. Ẹ má retí orin lẹ́nu agogo náà o. Ìtòtẹ̀léra ni wọ́n ń yí padà, tí ìró ọ̀kan ń fo ìkejì. Ó máa ń ya ẹni tí kò gbọ́ ọ rí lẹ́nu.

Àlùfáà yóò bi yín bóyá ìlànà ìsìn inú Ìwé Àdúrà ọdún 1662 ni ẹ fẹ́ tàbí ti òde òní. Nínú ti 1662, ìyàwó nìkan ló ń ṣèlérí láti gbọ́ràn sí ọkọ lẹ́nu. Ẹ kà á kí ẹ tó dáhùn. Láàárín aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ìjọ wọn ń so tọkọtaya pọ̀, aago kan ọ̀sán ni ọ̀pọ̀ ń mú. Bí ẹ bá dojú kọ pẹpẹ, ọwọ́ òsì ni ìdílé ìyàwó ń jókòó, ọwọ́ ọ̀tún ni ti ọkọ. Bàbá yín ló ń mú yín wọlé. Bí físà rẹ̀ kò bá bọ́ sí i, ìyá yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín lè ṣe é, òfin kò sọ pé dandan ni ẹnikẹ́ni. Ẹlẹ́rìí méjì nìkan ni òfin fẹ́.

Orin àtijọ́ wọn ní kí ìyàwó ní ohun kan tó ti pẹ́, ohun titun kan, ohun àyálò kan, ohun búlúù kan, àti sísì fàdákà nínú bàtà. Owó ẹyọ Gẹ̀ẹ́sì ni sísì yìí o, kì í ṣe ti Nàìjíríà tí àwọn ìyá wa ná. Wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú owó láti ọdún 1980, èyí tí wọ́n rọ ṣáájú 1947 ni fàdákà sì wà nínú rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìyá ọkọ ti fi ọ̀kan pamọ́. Ẹ bi í kí ẹ tó ra òmíràn, inú rẹ̀ á dùn. Fún ohun tó ti pẹ́, etù tàbí sányán ìyá àgbà yín tí ẹ fi di ìdí òdòdó ọwọ́ yín dára ju ohunkóhun tí ẹ lè rà ní Bristol lọ.

Kéèkì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ti àtijọ́ jẹ́ kéèkì èso gbígbẹ, ínṣì 12, 9 àti 6 tàbí irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀. Oṣù méjì sí mẹ́ta ṣáájú ni wọ́n ń yan án, kí wọ́n lè máa gún un ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n sì fi ṣíbí kan tàbí méjì búráńdì rin ín ní ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ó gbọ́dọ̀ dẹ́kun mímu ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó bò ó, kí òkè rẹ̀ lè gbẹ. Marzipan, tí wọ́n fi álímọ́ńdì ṣe, ni ìbòrí àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ díẹ̀ kí áísìn funfun tó tẹ̀ lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òróró álímọ́ńdì á yọ jáde bí àbàwọ́n. Áísìn àtijọ́ náà ń le bí òkúta, ìdí nìyẹn tó fi lè gbé àjà mẹ́ta. Bí alákéèkì bá lo èyí tó rọ̀, ó gbọ́dọ̀ ri ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin bọ inú àjà ìsàlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó gé wọn dọ́gba pẹ̀lú ojú kéèkì. Láìsí wọn, tòkè á rì wọ inú tìsàlẹ̀ kí ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tó parí. Àjà kékeré òkè ni wọ́n máa ń tọ́jú de ìsàmì ọmọ àkọ́kọ́. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn tí álímọ́ńdì ń bá jà.

Oúnjẹ tó tẹ̀ lé ìsìn ni wọ́n ń pè ní oúnjẹ òwúrọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ aago mẹ́rin ni ẹ ó jẹ ẹ́. Gbogbo àga ló ní orúkọ lára. Ibí yìí ni ìjà ti máa ń bẹ́ sílẹ̀, nítorí mo-gbọ́-mo-yà kò sí níbẹ̀ rárá. Orúkọ tó bá wà lára ìwé ìpè nìkan ló ní oúnjẹ, ọmọ kékeré pàápàá. Alásè máa ń fẹ́ iye àlejò ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú, iye yẹn ni ẹ ó san, ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá. Ohun tó ṣeé ṣe fún wa ni àlejò alẹ́, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ní: ìwé ìpè ọ̀tọ̀, aago méje àbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ijó àti ìpápánu. Ẹ kó àwọn ará London àti Birmingham síbẹ̀, kí ẹ pàrọ̀ sí aṣọ òkè, kí onílù wọlé. Kí ẹ tó san àsansílẹ̀ fún gbọ̀ngàn, ẹ béèrè bóyá wọ́n gba alásè láti ìta (ọ̀pọ̀ kò gbà, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù yín á dúró sí ẹnu ọ̀nà), aago mélòó ni wọ́n ń pa orin, àti bóyá wọ́n gba kí a lẹ owó mọ́ ènìyàn níwájú orí.

Bàbá ìyàwó ló ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ọkọ tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀sìmáànù ló ń kẹ́yìn. Iṣẹ́ ti ìkẹyìn yìí ni láti fi ọkọ ṣe yẹ̀yẹ́. Kí ọkọ kìlọ̀ fún un pé àwọn bàbá láti Ìbàdàn wà níjókòó, kí ó sì yọ ìtàn àwọn ọ̀rẹ́bìnrin àtijọ́ kúrò. Kí ẹ̀yin náà ṣàlàyé fún bàbá yín pé yẹ̀yẹ́ ni, kì í ṣe ẹ̀gàn. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá ló tó fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n má gbé máíkì fún ẹnikẹ́ni tí kò sí nínú ètò.

Kí ẹ tó jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yin méjèèjì, ẹlẹ́rìí méjì àti àlùfáà ti fọwọ́ sí ìwé rẹ́jísítírà. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2021, orúkọ ìyá wà níbẹ̀ pẹ̀lú ti bàbá, nítorí náà ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ìwé yẹn gbọ́dọ̀ padà dé ọ́fíìsì láàárín ọjọ́ 21, ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni ìwé-ẹ̀rí tó ń jáde. Ẹ ra ẹ̀dà méjì tàbí mẹ́ta. Bí ẹ bá fẹ́ máa jẹ́ orúkọ ọkọ, ẹ má fi orúkọ náà ra tíkẹ́ẹ̀tì padà sílé: orúkọ inú páṣípọ́ọ̀tù tí ẹ bá wọlé ni ẹ ó bá jáde, ẹ ó sì yí i padà lẹ́yìn tí ẹ bá dé.